Ṣéènì katapílà yọ, kò já

Alhájà kan ní katapílà àtijọ́ kan tó ń yá àwọn oníyanrìn ní etí ọ̀sà l'Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọ̀gá mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ gbà mí o, ṣéènì ti já!" Ọ̀gá mi kì í sáré dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí i kú ìrọ́jú, ó wá béèrè pé, "Ẹ má bínú, Alhájà, ṣé ó já ni àbí ó yọ?" Alhájà ní kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ṣáà ti dúró sójú kan, àwọn onítípà sì ti ń pariwo.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ṣéènì tó já, irin kan ló kán nínú rẹ̀. Ṣéènì tó yọ lè má ní irin kankan tó kán. Ó kàn fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹni tí tirẹ̀ já yóò lọ ra irin. Ẹni tí tirẹ̀ yọ gbọ́dọ̀ wá ohun tó mú un yọ, torí bí wọ́n bá dá a padà láìwá ìdí, yóò tún yọ, bóyá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo ti tẹ̀lé ọ̀gá mi lọ síbi irú iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé ẹni tó ń sanwó kì í mọ ohun tó ń sanwó lé lórí. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń lu irin gbàù gbàù fún ọjọ́ méjì, ó rò pé agbára apá ni wọ́n ń tà fún òun. Agbára apá ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ táyà kúrò lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣéènì katapílà ń yí lórí ilẹ̀ bí táyà ṣe ń yí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ibi tó wà nílẹ̀ lára ṣéènì kì í kúrò lójú kan. Ọkọ̀ ló ń yí gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà nígbà tí rélùwéè ń kọjá ti rí bí katapílà ṣe ń rìn: irin gígùn méjì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lórí wọn. Katapílà kàn jẹ́ ọkọ̀ tó gbé ojú irin tirẹ̀ dání ni. Ó ń tẹ́ ẹ síwájú, ó ń gun orí rẹ̀ kọjá, ó ń ká a nílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń gbé e gba òkè padà lọ síwájú.

Bí ẹ bá wo inú ṣéènì náà, ẹ ó rí irin méjì tó tò lọ ní ìbejì, bí ojú irin gan-an. Àwọn rólà ìsàlẹ̀ tó gbé ìwúwo ọkọ̀ ló ń yí lórí irin méjèèjì yìí, wọ́n sì ní etí bíi ti ẹsẹ̀ rélùwéè kí wọ́n má baà yà bàrá. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí kò léyín tó wà níwájú, áídílà là ń pè é. Ẹ̀yìn ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Òun ló léyín, òun ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló sì ń fa ṣéènì. Lókè, rólà kékeré kan tàbí méjì ń gbé ṣéènì dúró kó má baà wọ́lẹ̀. Àwọn awo irin tó ń tẹ yanrìn, tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin mẹ́rin dè mọ́ ṣéènì, bàtà ni wọ́n. Ọwọ́ wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yíyọ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá di gbogbo rẹ̀ mú ni pé nǹkan kan ń ti áídílà síwájú nígbà gbogbo, kí ṣéènì lè le dáadáa. Àjọ́sítà ni nǹkan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni sípíríǹgì kan tó nípọn bí itan èèyàn wà, tó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ bí òkúta bá há sáàárín ṣéènì àti áídílà. Nígbà tí áídílà bá fà sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ṣéènì bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, etí rólà kò ní rí ibi di irin mú mọ́. Bí opurétọ̀ bá wá yí ọkọ̀ báyìí, ojú irin á gba ọ̀nà tirẹ̀, ọkọ̀ á gba ọ̀nà tirẹ̀. Yíyọ nìyẹn.

Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti bí ẹ̀rọ yìí. Benjamin Holt ní ìlú Stockton, ní California, dán tirẹ̀ wò lóṣù kọkànlá ọdún 1904, nítorí pé ilẹ̀ oko agbègbè náà rọ̀ débi pé àwọn tírákítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ yíyí tí ooru omi ń wà máa ń rì sínú rẹ̀. Ẹnì kan rí bó ṣe ń rá bọ̀, ó ní ó jọ kòkòrò tó ń rá lórí ewé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní 1925, ilé iṣẹ́ Holt àti ti Best tí wọ́n jọ ń dupò da pọ̀ di Caterpillar. Nílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ Komatsu ló ṣe é, katapílà ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn àgbàlagbà míì ní katakata. Nítorí náà, ẹrẹ̀ Èkó kì í ṣe àjèjì sí i. Yanrìn ọ̀sà ni ọ̀tá rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti yanrìn yìí. Láàárín ojú ṣéènì kan àti èkejì, ọ̀pá irin kan tí à ń pè ní píìnì wà nínú irin oníhò kan tí à ń pè ní búùṣì, ibẹ̀ ni ṣéènì ti ń ká. Nínú katapílà àtijọ́, kò sí òróró tí wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀ bíi ti àwọn tuntun. Yanrìn tó ní omi iyọ̀ lára á wọ ibẹ̀, á máa lọ píìnì àti búùṣì bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ẹ ò ní fojú rí i. Bí ṣéènì bá ní ojú 40, tí yanrìn sì jẹ ojú kọ̀ọ̀kan ní mílímítà 1 péré, gbogbo ṣéènì ti fi mílímítà 40 gùn sí i. Ìyẹn ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ. Àwọn mẹkáníìkì á ní ṣéènì ti na. Irin kò na rárá. Ààyè ló wọ àárín píìnì àti búùṣì, níbi ogójì lọ́nà kan náà.

Yanrìn kan náà tún ń ṣe òdìkejì. Bó bá tutù, ó máa ń dì sáàárín eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa ti ṣéènì sókè. Ṣéènì tó le níwọ̀n láàárọ̀ á wá le gan-gan-gan lọ́sàn-án, á máa jẹ epo, á máa jẹ búùṣì, á máa pariwo. Opurétọ̀ tí kò mọ̀dí á ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá dẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ kejì, nígbà tí yanrìn ti gbẹ tó sì ti já dànù, ṣéènì á máa fì bí okùn ìsáṣọ. Ìdí nìyí tí ọ̀gá mi fi máa ń wọ̀n ọ́n níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú yanrìn tó wà lára rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi fọ̀ ọ́ tán.

Ní àkìtàn Olúṣòsùn l'Ójọ̀ọ́tà, ọ̀ràn tibẹ̀ yàtọ̀. Wáyà, aṣọ, àkísà táyà, gbogbo ohun tí ìlú Èkó bá dànù ló lè wé mọ́ rólà. Bí wáyà bá wé mọ́ ọn tó nípọn tó, yóò gbé ṣéènì kúrò lórí etí rólà. Ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ṣéènì tó dẹ̀. Ṣéènì tuntun lè yọ níbẹ̀.

Ọwọ́ opurétọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lára òkìtì yanrìn tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó tún ń yí ọkọ̀ lójijì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ló ń fi ti ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pípadà sẹ́yìn pẹ̀lú yíyí lẹ́ẹ̀kan náà ló tún burú jù, torí pé nígbà náà, apá ìsàlẹ̀ ṣéènì tó dẹ̀ ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì síwájú dípò kó máa fà á.

Ẹ jẹ́ ká padà s'Ọ̀wọ́rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ṣéènì apá ọ̀tún ti yọ kúrò lórí áídílà, ó ti sún síta. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ìdajì ọjọ́ ni. Àmọ́ opurétọ̀ ti gbọ́ tí irin ń ké, ó sì rò pé bí òun bá padà sẹ́yìn díẹ̀ ó máa wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú. Nígbà tó fi máa jáwọ́, ṣéènì ti fi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ó sì ti dùbúlẹ̀ sínú yanrìn bí ejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ sọ fún àwọn opurétọ̀ yín: bí irin bá ti ké tí ọkọ̀ sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan sí i lè sọ iṣẹ́ ọ̀sán kan di iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Bó bá jẹ́ iwájú nìkan ló ti yọ, wọn kì í já ṣéènì. Wọ́n á dẹ àjọ́sítà kí áídílà lè fà sẹ́yìn, wọ́n á gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrò nílẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá irin gígùn tọ́ ojú ṣéènì sí ojú áídílà, opurétọ̀ á sì máa yí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́, ní jíà tó kéré jù, títí ṣéènì á fi gùn ún padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ júwe fún opurétọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ṣéènì nígbà tó bá ń yí. Ìka ọwọ́ kò ní àrọ́pò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an lórí dídẹ àjọ́sítà, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí èèyàn fẹ́ kú. Lára katapílà tó ti pẹ́ gan-an, irin onískúrù ńlá kan ni, sípánà gígùn ni wọ́n fi ń yí i. Lára èyí tó tẹ̀lé e, gíríìsì ni wọ́n ń pọ́ǹpù wọ inú sílíńdà kan, gíríìsì náà ló ń ti áídílà síwájú. Ṣéènì tó le àti sípíríǹgì ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tẹ gíríìsì yìí nínú àhámọ́. Bí wọ́n bá tú ẹnu rẹ̀ pátá, gíríìsì tàbí ẹnu irin náà fúnra rẹ̀ lè fò jáde bí ọta ìbọn. Gíríìsì tó bá jáde bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Ojú egbò náà á kéré bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún, kò ní ro olúwa rẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹran ti ń bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé gíríìsì ló wọ ara. Wọn ò gbọdọ̀ fi òróró pa á kí wọ́n ní ó di ọ̀la.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀gá mi máa ń dúró, kò jẹ́ dúró síwájú ẹnu gíríìsì láé. Yíyí kan péré ló máa ń yí i, á wá dúró kí gíríìsì máa rá jáde fúnra rẹ̀. Bí kò bá jáde, á ní kí opurétọ̀ sún ọkọ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀. Kò ní tú u sí i. Ti sípíríǹgì ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ tún le ju èyí lọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá ní òun máa tú u lórí yanrìn pẹ̀lú sípánà àti gáàsì ń fi ẹ̀mí ṣeré. Bí sípíríǹgì bá kán, irinṣẹ́ tó dìídì wà fún un ni wọ́n ń lò, ní ilé iṣẹ́ tó ní in.

Ti Alhájà ti yọ pátá, nítorí náà ó di dandan ká já ṣéènì. Opurétọ̀ tẹ bíléèdì, awo irin ńlá iwájú tó fi ń ti yanrìn, mọ́lẹ̀, iwájú ọkọ̀ gbé sókè. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé háídírọ́líìkì, agbára òróró inú ọ́ọ̀sì, ló ń gbé bíléèdì tirẹ̀. Lára àwọn tó ti pẹ́ jù ú lọ, tó jẹ́ pé wáyà ló ń gbé bíléèdì, ìwúwo bíléèdì nìkan ló ń bá a wálẹ̀, kò lè ti ọkọ̀ sókè. Jáàkì ni a fi gbé ẹ̀yìn. Abẹ́ jáàkì, pákó nípọn ni, torí yanrìn á gbé jáàkì mì. Abẹ́ ọkọ̀ náà, pákó tí a rà l'Óko Bàbá la tò síbẹ̀ ní àgbélébùú, kí ọkọ̀ jókòó lé wọn. Kò sẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ tí háídírọ́líìkì nìkan gbé. Tí ọ́ọ̀sì bá bẹ́, kò sí "ẹ sáré."

Kì í ṣe gbogbo píìnì ló ṣeé yọ bákan náà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní másítà píìnì, òun ni ìlẹ̀kùn ṣéènì. Ojú orí rẹ̀ máa ń ní ihò kékeré tàbí àmì kan tí ti àwọn yòókù kò ní. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà bò ó lára ti Alhájà, ó gbà wá ní wákàtí kan àtààbọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì wáyà ká tó rí i. Alhájà dúró tì wá, ó ń wò wá bí ẹni tí ń wo àwọn ọ̀lẹ. Àmọ́ bí a bá ti yan píìnì mìíràn, a lè lù ú di alẹ́ kó má mì, a sì lè ba ojú ṣéènì jẹ́. Ọ̀gá fi ẹfun sàmì sí ibi tí iwájú ṣéènì kọ sí, torí ṣéènì ní iwájú ó ní ẹ̀yìn, bí wọ́n bá dá a padà ní ìdàkejì ó máa tètè jẹ.

Lílu náà nìyí, èyí tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ọmọ owú ńlá ò gbọdọ̀ kan píìnì ní tààrà. Irin líle méjì tó bá pàdé máa ń fọ́n ẹ̀rún irin, ẹ̀rún náà sì lè wọ ojú. Irin tó rọ̀ díẹ̀ la fi sáàárín, a dì í mú pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, gbogbo wa wọ awò ojú. A fi gáàsì mú ojú ṣéènì gbóná níwọ̀n, kó fẹ̀ díẹ̀, kó tú píìnì sílẹ̀. Níbi tí owó bá wà, ẹ̀rọ háídírọ́líìkì kan wà tó máa ń tì í jáde láìsí ariwo rárá. Ọmọ owú ni tiwa.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dùn ún wò. Ṣéènì kan lára katapílà alábọ́ọ́dé wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kò sí iye èèyàn tó lè gbé e kọ́rùn. A ò gbé e. A tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí yanrìn ní ọ̀gángán rólà, ọkọ̀ sì gun orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gun ojú irin. A so wáyà mọ́ ìparí rẹ̀ lẹ́yìn, a gbé e lé eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, opurétọ̀ yí i jẹ́jẹ́, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì fà á gun òkè, ó gba orí rólà kékeré kọjá, títí orí méjèèjì fi pàdé níwájú áídílà. Ìgbà tí ihò wọn bá ara mu, píìnì wọlé. Alhájà pàtẹ́wọ́. Òun náà rí i pé ọkọ̀ ló wọ bàtà ara rẹ̀.

Ó wá béèrè ohun tí gbogbo oníkatapílà máa ń béèrè: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè gé ojú kan kúrò kó lè kúrú?" Ọ̀gá mi ní, "Alhájà mi, ó ṣeé gé, àmọ́ ẹ ò ní fẹ́ràn ohun tó máa tẹ̀lé e." Ṣéènì tó ti na, àlàfo láàárín ojú kan sí èkejì ti fẹ̀ ju àlàfo eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ẹ gé ojú kan, gígùn á dínkù, àlàfo ò ní dínkù. Ṣéènì á jókòó sórí ṣóńṣó eyín, á máa jẹ ẹ́ títí eyín á fi mú bí abẹ́rẹ́. Ohun tó dáa ju gígé lọ ni kí wọ́n yí píìnì àti búùṣì padà ní ìlàjì, kí ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ wá máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèyí ṣeé ṣe, kó tó jẹ jù. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ọjà Owódé Onírin ló kù. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn ka ojú ṣéènì tòkúnbọ̀ kí ẹ sanwó. Ẹ fa ṣéènì náà le, kí ẹ wọn gígùn ojú mẹ́rin láti àárín píìnì dé àárín píìnì, kí ẹ fi wé ti tuntun. Irọ́ kì í sí nínú tépù.

A kò pẹ́ rí ìdí tí ti Alhájà fi yọ. Ẹ̀gbẹ́ inú férémù kún fún gíríìsì tuntun: síìlì àjọ́sítà, ohun tó ń dí gíríìsì mọ́nú, ti ń jò. Opurétọ̀ sọ pé òun ti ń pọ́ǹpù gíríìsì sí i lójoojúmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tí gíríìsì ń lọ. A pààrọ̀ síìlì, a pọ́ǹpù rẹ̀, ọkọ̀ rìn síwájú díẹ̀, ó dúró fúnra rẹ̀ láìtẹ búrékì, a sì na okùn láti orí rólà kékeré dé orí áídílà. Ṣéènì wọ́ kúrò lábẹ́ okùn ní íǹṣì kan àti díẹ̀, ó bá ìwé ọkọ̀ náà mu. Iye yìí kì í rí bákan náà fún gbogbo ọkọ̀.

A ti ń kó irinṣẹ́ nígbà tí Alhájà gba okùn lọ́wọ́ mi, ó káṣọ, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó ní kí n di ìparí kejì mú. Íǹṣì mẹ́ta ó lé. Ọ̀gá mi wò ó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí.